Òwú Dúdú Inú Fáànù

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn ìyẹ̀fun tó dà pọ̀ mọ́ èéfín tírélà, Liverpool Road ni ọkàn mi máa ń sáré lọ. Olódì-Àpápá là ń gbé nígbà náà, ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ àlòkù kan, gbogbo àdúgbò sì ń pè mí ní ìyàwó ọlọ́kọ̀. Ọlọ́kọ̀ ni wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé wa dá páropáro. Ikọ́ ti lé ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú. Màmá ní eruku ló ń dà á láàmú, pé bí a kò bá lè ti gíláàsì ọkọ̀ pa láti ibẹ̀ dé Èkó, kí a má wulẹ̀ wá mú un.

Ta ló lè ti gíláàsì pa nínú ooru yẹn? Fáànù ọkọ̀ náà ń kùn lásán ni. Bí mo bá gbé àtẹ́lẹwọ́ síbẹ̀, atẹ́gùn tó ń jáde kò ju èémí aláìsàn lọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, a gbé e lọ bá rìwáyà kan, ará Ajégúnlẹ̀ tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá títì. Ó fi gílóòbù kékeré kan dán wáyà tó wọ inú fáànù wò, gílóòbù náà sì tàn rekete.

"Mádààmù, iná ń débẹ̀ dáadáa," ló wí. "Na fáànù gan-an ni nǹkan dì mú."

Ó fi ìka yí i, ó le. Ó tú u jáde, a sì rí i: òwú dúdú tí wọ́n fi ń dirun ti lọ́ mọ́ ìdí rẹ̀ gbagidi.

"Ta ló ń ju òwú sínú ọkọ̀?" ó béèrè. Èmi àti ọkọ mi mọ ẹni náà. Bí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àárín ẹsẹ̀ mi lọmọ náà máa ń dúró sí, á máa tú òwú orí rẹ̀, á nà án sórí ihò tóóró tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú kí atẹ́gùn lè máa mú un jó. Mo sì máa ń bá a wí pé, "Ṣé o ò ní jẹ́ kí irun yìí dé ṣọ́ọ̀ṣì ni?" Àwọn tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ló rọra ń wọlé lọ bá fáànù.

Rìwáyà fẹ́ jù ú sí gọ́tà, mo na ọwọ́ gbà á. Ó dá fáànù padà, atẹ́gùn sì ń jáde dáadáa. Ọkọ mi kọjú sí àwọn tírélà, ó ń nu ojú bí ẹni tó ń nu òógùn. "Ọ̀la la ń lọ," ló sọ.

Nígbà tí a dé Ìjẹ̀bú, ẹ̀yìn ìyá àgbà lọmọ mi sá sí, ó sì kí mi bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. Ó dùn mí wọra. Màmá gbé ọwọ́ sí fáànù náà, wọ́n ní, "Ẹ máa mú un lọ." A ti gíláàsì pa. A kò tíì dé Ṣágámù tí ọmọ náà fi gun itan mi, tó fi ọwọ́ kan ihò tóóró yẹn, tó wojú mi.

"Mọ́mì, òwú mi dà?"

Òkè òkun ló wà báyìí, òun náà ti di ìyá ọlọ́mọ, òwú yẹn sì ṣì wà nínú àpótí mi. Ohun tí mo pè ní àbùkù ọkọ̀ nígbà náà, ọmọ mi ni. Àárò rẹ̀ ń sọ mí púpọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé mi kiri lónìí tutù nini, fáànù rẹ̀ ń fẹ́ yẹ́ẹ́, kò sí ohunkóhun tó dì í mú. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.