Àlọ́ Ọ̀sán Lórí Afárá Ọ̀nà Mopa

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Kàbà, bí ọmọdé bá fẹ́ kí wọ́n gbá òun létí, kó kàn la ẹnu pa àlọ́ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Alẹ́ ló ni àlọ́. Wọ́n ní ọmọ tó bá pa àlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á kú. Wọn kì í ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwa náà kì í sì í béèrè. Ta ló fẹ́ fi ìyá rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ wò?

Ẹ wá wò ó o, èmi tí wọ́n fi èèwọ̀ yìí tọ́ dàgbà ni mo wá fi ọdún gbọọrọ pa àlọ́ fún àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn kò tíì ronú àtiwọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń dàgbà nígbà náà mọ̀ mí. Àwọn kan nínú yín ṣì ń pè mí ní Àǹtí títí dòní, pẹ̀lú bí irun mi ṣe funfun tó yìí. Àwọn mìíràn mọ̀ mí nínú eré, níbi tí mo ti máa ń ṣe ìyáálé tó burú. Obìnrin kan tilẹ̀ kọ̀ láti ta ata fún mi rí lọ́jà nítorí ohun tí mo fi ojú ọmọ orogún mi rí nínú eré ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bi mí rí pé níbo ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń mú ọmọdé jókòó jẹ́ẹ́. Inú ọkọ̀ ni mo ti kọ́ ọ, lórí afárá, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ìyá mi wà láàárín ikú àti ìyè.

Ìyé ni a máa ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Ìyé mi ń rọbí lọ́dún náà, ọmọ ò sì fẹ́ wá. Àwọn agbẹ̀bí àdúgbò ṣe é títí, ó sú wọn. Ni bàbá mi bá gbé e sínú ọkọ̀, ó di ilé ìgbẹ̀bí ní Mopa. Wọ́n fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, a ò gbúròó wọn. Nígbà yẹn kò sí fóònù tí ẹ ó tẹ̀. Ẹni tó bá ti Mopa dé lẹ máa bi, bí kò bá mọ nǹkan kan, ẹ ó padà sílé lọ jókòó. Ìyá àgbà kò jẹun. Bí mo bá bi í léèrè, á ní, "Ọlọ́run ń bẹ," èmi tí mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa mọ̀ pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá agbára rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bọ́ sí àkókò tí ilé ẹ̀kọ́ wa fẹ́ lọ kọrin ìdíje ní Mopa. Ohùn mi kò dára, kó dá yín lójú, ohùn bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Síbẹ̀ mo lọ bẹ tíṣà pé kó mú mi dání. Ó wò mí, ó mọ ohun tí mò ń wá lọ, ó ní kí n wọlé. Kì í ṣe orin ni mo bá lọ. Mo fẹ́ rí Ìyé mi.

Bọ́lẹ̀kájà ni ọkọ̀ náà, ara rẹ̀ pákó, orí rẹ̀ tapólì tí wọ́n ká sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti lẹ́yìn kí atẹ́gùn lè wọlé. Àwọn ọmọ ńlá jókòó lẹ́yìn. Àwa kéékèèké wà níwájú pẹ̀lú ìyá arúgbó kan, Mùsùlùmí tó ń ta obì ní Kàbà, tó bẹ dírẹ́bà pé kó gbé òun dé Mopa. A ń kọrin lọ. Òjò ti rọ̀ gan-an lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tí a dé odò tó wà kí a tó wọ Mopa, omi ti kún, ó pupa, ó ń hó lábẹ́ afárá pákó. Dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ pákó náà wò, ó padà sínú ọkọ̀, ó ní, "Bísímílàhì." A dé àárín. Mo gbọ́ "kàáà!" Táyà ẹ̀yìn kan ti já pákó, ọkọ̀ sì fì sí apá ibi tí omi wà.

Àwọn ọmọ ńlá fò sílẹ̀, wọ́n sáré dé etí odò. A ò lè bá wọn wí, ta ni kò fẹ́ràn ẹ̀mí rẹ̀? Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń fò ni ọkọ̀ ń mì, tó tún ń rì sí i. Dírẹ́bà àti tíṣà tó jókòó tì í ti jáde láti iwájú ọkọ̀. Dírẹ́bà ké sí àwa tó kù: "Kí ẹnikẹ́ni má mì mọ́! Bí ẹ bá mì, ẹ ti bá omi lọ nìyẹn!" Ó sáré gba inú oko lọ láti wá èèyàn àti okùn. Tíṣà dúró ní etí odò, ó ń kígbe pé kí a fọkàn balẹ̀, ohùn òun alára sì ń gbọ̀n. Kò lè wọlé tọ̀ wá wá. Bí èèyàn kan bá gun ọkọ̀ yẹn sí i, ó lè jẹ́ òpin gbogbo wa.

Ẹ ti sọ fún ọmọdé rí pé kó má mì? Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ kan dìde láti wo omi, ọkọ̀ náà han gooro, gbogbo wa pariwo. Ìyá olóbì fa ọmọ náà jókòó. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo tọ̀ sára, mo ti dàgbà tó ẹni tó lè sọ ọ́ báyìí. Mo rí i pé bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá tún dìde, a ò ní dé ibi kankan mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń mú ọmọdé jókòó. Ni mo bá la ẹnu: "Ààlọ́ o!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Kódà ẹkún dúró. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ṣépè. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí ló sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ìyé ẹ tó wà ní Mopa ńkọ́?"

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ṣe? Bí mo bá pa á, Ìyé mi lè kú. Bí n kò bá pa á, àwọn ọmọ á tún dìde. Mo yọjú wo oòrùn láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó wà lókè gangan, kò tilẹ̀ sí kùrukùru tí mo lè fi ṣe àwáwí. Omijé bọ́ lójú mi. Ìyá olóbì bi mí pé kí ló dé. Mo sọ fún un pé Ìyé mi ń rọbí ní Mopa, ọ̀sán sì ni.

Kò bá mi jiyàn. Kò sọ pé irọ́ ni èèwọ̀ yẹn. Ó rọra na ọwọ́, ó tú okùn tapólì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kí ọmọ tó kọjú sí òun rọra tú ti apá ọ̀hún. Tapólì bọ́ sílẹ̀ gbàà, ti ẹ̀yìn náà tẹ̀lé e, inú ọkọ̀ ṣókùnkùn. Ó kí wa bí a ṣe ń kí ara wa lọ́dọ̀ wa, ó ní, "Okun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú alẹ́."

Àwọn ọmọ dáhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ kú alẹ́, Mà." Ó wá ku ihò kan lára tapólì, níwájú mi gan-an, tí oòrùn ń gbà wọlé, tó sì tàn sórí orúnkún mi. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ dí i. Mo ní, "Ààlọ́ o!" Wọ́n ní, "Ààlọ̀!"

Àlọ́ tí mo pa yẹn, ẹnikẹ́ni kò pa á fún mi rí. Mo ní àwọn ọmọ Ìjàpá fẹ́ sọdá odò, Ọ̀nì ní òun á gbé wọn sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mì, òun á rò pé eṣinṣin ló ń jẹ òun, òun á sì fi ìrù gbá a sómi. Mo dá orin sí i. Màá ní, "Ẹ má mì o," wọ́n á ní, "Àwa ò mì," láìpàtẹ́wọ́, láìmira. Ẹ ò rí i, wọ́n jókòó bí òkúta. Àwọn tó ń sunkún tẹ́lẹ̀ gan-an ló ń gbe orin náà jù.

Nígbà tó pẹ́, a gbọ́ ohùn àwọn àgbẹ̀. Wọ́n fi ìtì igi ti ọkọ̀ lábẹ́, wọ́n so ó mọ́ igi ńlá kan. Wọ́n wá gbé tapólì sókè díẹ̀ níwájú, ọwọ́ kan wọlé, ó gbé ọmọ kan jáde. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti wọlé, màá pa ẹnu mọ́. Bí ìyá olóbì bá ti sọ tapólì sílẹ̀ padà, màá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo dé. Inú bí àgbẹ̀ tó wà lóde. "Kí lẹ tún ń bò ó sí? Ẹ ṣí i sílẹ̀ jàre!" Ìyá náà dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú, ẹ ṣáà máa gbé wọn."

Bẹ́ẹ̀ ni orin wa ṣe ń lọ sílẹ̀. Ọmọ kan lọ, ohùn kan dín. N kò lè jẹ́ kí àlọ́ náà tán, torí náà odò Ìjàpá ń fẹ̀ sí i ni. Apá tí mo gbé sókè ń ro mí, n kò gbé e kúrò lójú ihò. Ọ̀rẹ́ mi náà lọ. Níkẹyìn, mo ní, "Ẹ má mì o," ohùn kan ṣoṣo ló dáhùn nínú òkùnkùn, ohùn arúgbó tó ti há: "Àwa ò mì." N kò ní gbàgbé ohùn yẹn láéláé. Wọ́n gbé mi jáde, wọ́n gbé òun náà tẹ̀lé mi.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n sọ pé bí a ṣe jáde tán ni ọkọ̀ já sómi. Kò já. Wọ́n fà á jáde lọ́jọ́ kejì, dírẹ́bà yẹn sì ń wà á kiri títí mo fi kúrò ní Kàbà. Ìyá olóbì ru igbá obì rẹ̀, ó bá wa fi ẹsẹ̀ rìn wọ Mopa.

N kò dúró kọrin kankan. Mo sáré lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Bàbá mi jókòó lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ibẹ̀, orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀. Mo dúró sójú kan. Mo sọ lọ́kàn mi pé ihò yẹn ni, ihò yẹn ló pa á. N kò lè pè é. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá ló fọwọ́ kàn án léjìká, ó sì ta jí. Àṣé oorun ló gbé e lọ! Ó ní, "Ìwọ! Ta ló mú ọ wá?" Mo bú sẹ́kún. Ó ní Ìyé wà láàyè, ṣùgbọ́n kò tíì bí. Nítorí náà ẹ̀rù mi kò tán. Mo jókòó tì í, a ń gbọ́ igbe láti inú ilé, mò ń wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Oòrùn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó wọ̀ tán ni ọmọ ké. Ọmọ ké, ìyá ò fọhùn. Bàbá mi dìde, ó tún jókòó. Nọ́ọ̀sì wá yọjú, ó ní, "Ìyá ń béèrè omi."

Wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Ìyé níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ti wọnú. Mo rò pé á bínú. Ó kàn bi mí pé, "Tapólì náà, ṣé kò ní ihò?"

Mo ní, "Ó ní ẹyọ kan. Mo fi ọwọ́ dí i."

Ó mú ọwọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé e sí àyà rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn ìgbà náà kí wọ́n tó ní kí n wá ṣe ètò ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n dárúkọ aago mẹ́rin, ẹ̀rù bà mí, èmi tí mo ti kàwé kàwé! Mo bẹ̀ wọ́n pé kó di alẹ́, wọ́n ní ìròyìn ló ni alẹ́. Mo wọkọ̀ lọ sí Kàbà láti sọ fún Ìyé pé n kò ní gba iṣẹ́ náà. Ó ní, "Gba iṣẹ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ tapólì, fi í lé mi lọ́wọ́."

Láti ìgbà náà, bó bá ti kù díẹ̀ kí ètò mi bẹ̀rẹ̀, Ìyé á ti ilẹ̀kùn, á ti fèrèsé, á fi aṣọ tó nípọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun ta gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, kó tó tan tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ àdúgbò á kún inú yàrá, òógùn á bò wọ́n. Àwọn aládùúgbò rò pé ahun ni, pé ó ń fi tẹlifíṣọ̀n pamọ́ fún àwọn àgbà. Èmi nìkan ló yé. Ní sítúdíò, lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ ju oòrùn lọ, màá ní, "Ààlọ́ o," ọkàn mi á sì balẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan ti bá mi ti fèrèsé.

Ó darúgbó kùjọ́kùjọ́ kó tó lọ. Ọjọ́ ogbó ló mú un lọ, kì í ṣe àlọ́. Àwọn èèyàn ń kí mi pé a kú ìnáwó, wọ́n ń jó. Ohun tí èmi ń rò nínú ara mi ni pé mo lè pa àlọ́ lọ́sàn-án gangan báyìí, ní ìta gbangba, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kò sí ohun tó dùn mí tó ìyẹn nínú ikú rẹ̀.

Ayé ti yí. Ẹ̀ ń wo àlọ́ lórí fóònù láàárọ̀, lọ́sàn-án, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá, ìyá yín sì wà láàyè. Ẹ kú oríire, n kò bá yín jà. Afárá yẹn náà ti di kọnkéré, ẹ ó gbà á kọjá láìmọ̀ pé odò wà lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi bá mi jókòó ní pálọ̀ lọ́sàn-án. Mo ń pa àlọ́ fún un, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kí ló tún kù tí mò ń bẹ̀rù? Ló bá ní kí n dákẹ́, òun ló kàn. Ó bọ́ sáàárín pálọ̀, ó gbé àyà síta: "Ààlọ́ o!"

Ìyá rẹ̀, ọmọ mi, ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, ó ń kọrin. N kò dáhùn. Mo dìde pẹ̀lú ọ̀pá mi, mo ti fèrèsé, mo fa kọ́tìnì, mo wá ibi tí oòrùn ṣì ń gbà yọjú, mo fi ọwọ́ dí i. Ìgbà náà ni mo tó wí pé, "Ààlọ̀."