Má Yà Síbẹ̀: Búlọ́ọ̀gì Mi àti Àwọn Àna Wa

"Tòmí, a ti dé o! A ti jókòó, wọ́n ti fún wa lómi tútù. Ẹ̀yin ará ilé yìí mọ àlejò ṣe o!"

Bọ̀dá Làsísì ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Òun ni ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá Mùsìbáù tó fẹ́ fẹ́ Àǹtí Yétúndé, ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ náà ni ẹbí wọn ń bọ̀ láti Ìfọ̀ wá mọ ẹbí wa. Mo wo iwájú ilé wa ní Mówè. Kánópì wà níbẹ̀, àga tí a yá wà lábẹ́ rẹ̀, òfìfo sì ni gbogbo wọn àfi ọ̀kan tí bàbá mi jókòó lé pẹ̀lú agbádá, tó kọjú sí géètì. Màmá mi ń fi aṣọ lé eṣinṣin. Àlejò kan ṣoṣo tó wà lọ́dọ̀ wa ni ewúrẹ́ aládùúgbò.

"Wọ́n ti dé ibo?" ni bàbá mi bi mí.

"Wọ́n ti dé, sà," ni mo fèsì. N kò purọ́. Wọ́n ti dé lóòótọ́. Ibi tí wọ́n dé ni n kò mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo sì ti gbìyànjú oríṣiríṣi òwò lórí fóònù kí n tó rí èyí tó gbà mí. Mo ta sálúbàtà lórí ayélujára, màmá mi nìkan ló rà á. Mo kọ búlọ́ọ̀gì lórí irun dídì, bẹ́ẹ̀ irun orí èmi fúnra mi ò gùn tó ìka. Mo tún ṣe ọ̀kan tí mo ti ń gba àwọn tọkọtaya nímọ̀ràn, nígbà tí ẹnì kankan ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ ìfẹ́ rí láyé mi. Bí èrò tuntun bá ti sọ sí mi lọ́kàn báyìí, ara mi kì í gbà á mọ́, n ó máa jó kiri yàrá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èrò náà á ti kú, n ó sì wá òmíràn.

Nígbà tí àwọn olùkọ́ wa daṣẹ́ sílẹ̀, tí a sì kó láti Àgbàdo wá sí ilé tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní Mówè, ni mo rí iṣẹ́ tèmi. Ẹ ṣáà mọ agbègbè wa. Láti Ìbàfò dé Mówè, ilé ló máa ń ṣáájú òpópónà dé. Òpópónà kan lè ní orúkọ mẹ́ta: èyí tí ẹgbẹ́ onílé sọ ọ́, èyí tí ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀ ń jẹ́, àti èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń pè é. Ta ló ń bèèrè nọ́ńbà ilé? Àpèjúwe la fi ń wá ara wa kiri: "Tó o bá dé ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, wàá rí ọ̀nà kan lápá òsì. Má yà síbẹ̀." Gbólóhùn yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn wa á fi tọkàntọkàn ṣàpèjúwe gbogbo ibi tí kò yẹ kí o yà sí, wọn á wá gbàgbé ibi tó yẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọlọ́kadà kan tó ń gbé kéèkì lọ fún oníbàárà dúró síwájú géètì wa, ó kù díẹ̀ kó sunkún. Wọ́n ti ní kó má yà síbí, kó má yà sọ́hùn-ún, títí orí rẹ̀ fi dàrú, oòrùn sì ti ń yọ́ kéèkì náà. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, a wá ilé náà títí a fi rí i, mo sì ya àwòrán gbogbo oríta tí a gbà. Nígbà tí mo délé, mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí búlọ́ọ̀gì tuntun tí mo sọ ní "Má Yà Síbẹ̀". Àwọn èèyàn kà á! Onídìrí kan ní Ìbàfò ní kí n ṣe ti ṣọ́ọ̀bù òun. Onísìmẹ́ńtì ní kí n ṣe ti òun náà. Ìyá kan tó ń sin ẹja pè mí, ó ní àwọn oníbàárà òun máa ń ṣìnà wọ ilé ẹlòmíràn lọ ra ẹja níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín lójú oorun, Àǹtí Yétúndé ló sọ fún mi.

Iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi máa ń rin ọ̀nà láti etí títì márosẹ̀ dé ẹnu géètì oníbàárà, n ó sì dúró ní oríta kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò débẹ̀ rí. N kì í bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àgbàlagbà, nítorí wọn á ní "níbi tí igi àgbálùmọ̀ wà tẹ́lẹ̀", bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gé igi náà kí wọ́n tó bí mi. Àwọn àgbà ló sọ pé abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwọn àgbà yẹn ò gbé Mówè rí.

Bàbá mi nìkan ni kò gbà. Bíríkìlà ni. Ohun tó bá ṣe, bí o bá fi ẹsẹ̀ gbá a, ẹsẹ̀ rẹ ni yóò dùn ọ́.

"Iṣẹ́ tí ọwọ́ ò lè kàn, iṣẹ́ wo nìyẹn?" ni yóò máa wí. "Tòmí, fóònù lò ń tẹ̀."

Ó ti bá àǹtí mi tó ń ránṣọ ní Ìbàfò sọ̀rọ̀ pé kó wá mú mi kọ́ṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn àna dé, ó pè mí. "Ilé tuntun la wà yìí, wọn ò mọ̀ ọ́n. Kọ àpèjúwe rẹ fún wọn. Bí ó bá mú wọn dé ẹnu géètì yìí, iṣẹ́ ni. Bí kò bá mú wọn dé, o ti mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àǹtí ẹ." Mo gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ló lè ṣẹlẹ̀? Ilé tiwa ni!

Mo kọ ọ́ dáadáa. Mo ní kí wọ́n gba Sàngó wá, kí wọ́n bọ́ sí títì márosẹ̀, kí wọ́n kọjá OPIC àti Ìbàfò, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú Mówè, kí wọ́n máa bọ̀ títí wọn yóò fi rí pátákó ìjọ kan tó ní ọfà pupa. Kí wọ́n tẹ̀lé ọfà náà. Ilé tó ní géètì dúdú, tí wọ́n ta kánópì síwájú rẹ̀, ilé wa nìyẹn. Abẹ́ tapólì ni ìjọ náà wà lẹ́bàá ilé wa, ariwo wọn ló sì máa ń jí wa láràárọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ìdí ìkòkò ni mo wà, mò ń gé àlùbọ́sà, omijé ò jẹ́ kí n ríran. Nígbà tí n kò gbọ́ ariwo wọn ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo rò pé wọ́n ń gbààwẹ̀ ni.

Ìyẹn ni mo ń rò nígbà tí mo gbé fóònù padà sétí, tí mo sì rọra rìn lọ sẹ́yìn ilé.

"Bọ̀dá Làsísì, ẹ má bínú, ariwo kí lẹ̀ ń gbọ́ níbẹ̀?"

"Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó ni. Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ ọ ni?" Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Tòmí, sọ òótọ́ fún mi. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa pé Yétúndé ti bímọ?"

"Kí ló bí?"

"Ìkókó ni wọ́n gbé jáde yìí! Wọ́n ti gbé e lé Bàbá wa lẹ́sẹ̀. Ìyá Súrà ti ń so gèlè mọ́dìí."

Ìyá Súrà ni àbúrò bàbá wọn obìnrin, ẹni tí bí ó bá ti so gèlè mọ́dìí, kì í tú u lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sáré gba iwájú yàrá tí Àǹtí Yétúndé ti ń lé tìróò. Ó rí ojú mi.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n ní o ti bímọ."

N kò dúró gbọ́ èsì. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń la pákó ní àdúgbò wa. Mo ti kọ àpèjúwe rẹ̀ fún káfíńtà kan rí, mo mọ gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà náà. Mo fò sórí ọ̀kadà pẹ̀lú ọwọ́ tó ń rùn àlùbọ́sà. Ní oríta wa, mo wo ibi tí pátákó ìjọ wà: ihò méjì ló kù nínú ilẹ̀. Ìjọ ti rí ilẹ̀ tirẹ̀ rà. Wọ́n ti kó tapólì, wọ́n ti kó àga, wọ́n sì ti gbé pátákó lọ gbìn sí oríta kejì pẹ̀lú ọfà pupa rẹ̀. Ọfà náà kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìjọ ló ń tọ́ka sí.

Ní òpópónà yẹn, ilé kan wà tó ní géètì dúdú, torí ta ni géètì rẹ̀ kì í ṣe dúdú ní Mówè? Wọ́n ta kánópì síwájú rẹ̀. Ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ń ṣe. Àwọn àna wa sì ti tijú láti dárúkọ bàbá ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kàn bèèrè pé, "Ṣé ibi ìnáwó nìyí?" Wọ́n ní, "Òun ni, ẹ máa wọlé." Bí wọ́n ṣe wọlé, àwọn ọkùnrin wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Àwọn onílé ò rí àlejò tó mọ ìwà hù tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn àna wa gbé oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare sílẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń tọrọ ìyàwó, òun náà ni wọ́n fi ń sọ ọmọ lórúkọ. Inú àwọn onílé dùn, wọ́n gbà pé ẹbí bàbá ọmọ láti òkè Ẹ̀gbá ló dé. Wọ́n wá mú àgbàlagbà àwọn àlejò náà síwájú, wọ́n gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀.

Bí mo ṣe wọlé, Bọ̀dá Làsísì pe orúkọ mi, Ìyá Súrà sì kọjú sí mi. "Ìwọ àbúrò Yétúndé, bọ́ síbí! Ọmọ ta nìyí?"

Mo kúnlẹ̀ láàárín gbogbo wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, n ò mọ̀ ọ́n. Ilé wa kọ́ nìyí. Ìjọ ló kó lọ, wọ́n gbé pátákó wọn dání."

Bàbá Ìfọ̀, bàbá Bọ̀dá Mùsìbáù, wo ọmọ náà, ó wò mí, ó tún wo ọmọ. Ẹ̀gbá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ dáadáa. "Alihamudulilai. Èmi náà ti ń rò ó. Mo wò ó létí, mo wò ó nímú, ọmọ yìí ò jọ Mùsìbáù kankan. Mo ní bóyá wán máa ní ilé ìyàwó ló jọ."

Ẹ̀rín bú! Bàbá ìkókó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ìyá Súrà tú gèlè kúrò nídìí, ó fi nu ojú. Èmi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mò ń rín tàbí ẹkún ni mò ń sun.

Bàbá Ìfọ̀ fẹ́ gbé ọmọ padà fún ìyá rẹ̀, ìyá onílé kọ̀. "Rárá o, Bàbá. Ọmọ ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fún un lórúkọ kí ẹ tó lọ."

Bàbá gbàdúrà gígùn, ó sì fi ìka kan iwájú orí ọmọ náà. "Mo sọ ọ́ ní Ọlọ́runfọ̀nàhàn. Èmi ò mọ̀nà débí, àmọ́ mo dé."

Gbogbo wọn ké "Àmín!" Àwọn onílé kó gbogbo ẹrù àwọn àna wa padà, wọ́n fi tiwọn kún un, wọ́n sì sìn wá délé pẹ̀lú orin. Nígbà tí èrò wọnú géètì wa, tí ọmọ tuntun kan wà láàárín wọn, bàbá mi dìde, ó fa agbádá rẹ̀ sókè. "Ṣé àna wa ló pọ̀ tó báyìí?" Bọ̀dá Mùsìbáù, tó ń bọ̀ láti Ìlọrin tààrà, ló dé kẹ́yìn. Kò tíì jókòó tí wọ́n fi kí i kú oríire ọmọ tuntun. Àǹtí Yétúndé ni kò jẹ́ kó dákú.

Gbogbo ènìyàn yọ̀, èmi náà yọ̀, àmọ́ n kò gbàgbé àdéhùn èmi àti bàbá mi. Àpèjúwe mi ò mú wọn dé ẹnu géètì, ẹsẹ̀ mi ló mú wọn dé. Ní ọjọ́ Ajé, mo ti kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, mo ń retí kó ní kí n máa lọ sí Ìbàfò. Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó ní kí n tẹ̀lé òun. Mo gbé báàgì mi tẹ̀lé e.

Oríta wa ló dúró sí. Ó ti po sìmẹ́ńtì síbẹ̀, ó sì ti kó àfọ́kù táìlì aláwọ̀ búlúù jọ. Ó mọ òpó kan tó dé àyà mi sójú ihò pátákó, ó rẹ́ ẹ títí ó fi dán, ó wá ń to àfọ́kù táìlì sí i lára lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi di ìràwọ̀ ńlá kan.

"Àlébù iṣẹ́ ẹ ni pé ohun tí èèyàn lè gbé lò ń tọ́ka sí," ni ó wí, kò bojú wẹ̀yìn. "Jẹ́ ká wo ìjọ tó máa gbé eléyìí. Oríta mélòó ló wà lórí búlọ́ọ̀gì ẹ yẹn?"

"Wọ́n pọ̀, sà."

"A máa ṣe wọ́n. Kọ ti ibí sílẹ̀. Sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ti rí ìràwọ̀ búlúù, kí wọ́n yà síbẹ̀."

Ó ṣì ń fi àtàǹpàkò tẹ táìlì tó kẹ́yìn mọ́lẹ̀ nígbà tí mo yọ fóònù. Ó ní kí n dúró kí òun kúrò níbẹ̀. N kò dúró. Mo ya àwòrán náà, mo sì jẹ́ kí ọwọ́ bàbá mi hàn nínú rẹ̀.