Pákó Èbúté Tó Yẹ̀ Lẹ́sẹ̀ Ìyá Oníbéèrè

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, oṣù méjì sẹ́yìn, Ìyá Oníbéèrè kú sẹ́nu iṣẹ́. Pákó kan yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lórí afárá èbúté, ó já sómi láàárín ọkọ̀ méjì, orí rẹ̀ sì gbá òpó. Kí àwọn apẹja tó fà á jáde, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo ní mo ti gbọ́, mo dúpẹ́, mo sì padà sórí bàtà tí mò ń nù. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, omi ò tíì bọ́ lójú mi. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi dúró ní èbúté yẹn fún iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí ọrọ̀ ajé ẹja, ìwé lọ́wọ́, bírò lọ́rùn. Bí ọkọ̀ apẹja bá ti gúnlẹ̀, á bi wọ́n: wákàtí mélòó lẹ lò lójú omi? Epo mélòó ló jó? Ẹja wo lẹ rí, báwo ló ṣe wúwo tó? Ìdáhùn wọn ni iléeṣẹ́ fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ ẹja pípa ṣì ń bọ́ àwọn tó ń ṣe é, àbí àwọn ló ń bọ́ iṣẹ́.

Kì í dá àwa tá à ń fi ìwọ̀ pẹja ṣe fàájì lọ́jọ́ Sátidé náà sí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ó bi mí bí ilé mi ṣe jìnnà tó, àti ohun tí ǹ bá máa ṣe ká ní mi ò wá. Mo ní kí ló kàn án nínú ìyẹn. Ó ní ohun téèyàn fẹ́ràn tí wọn kì í tà lọ́jà, wàhálà téèyàn ṣe kó tó dé ìdí rẹ̀ la fi ń mọ iyì rẹ̀. Ló bá béèrè èyí tó kẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n, bí ẹja tí ẹ̀ ń rí bá dín sí ìdajì, ṣé ẹ ó ṣì máa wá?”

Mo ní mi ò rí ẹyọ kan láti oṣù méjì, kí ni ìdajì òfo máa ń jẹ́? Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì kọ òfo sílẹ̀.

Irú òfo bẹ́ẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní kó yọ àwọn tó bọ̀ láìrí nǹkan kúrò, pé wọ́n ń ba òǹkà jẹ́. Ó dá a lóhùn pé, “Ọ̀gá, ẹni tó bọ̀ lófìfo, epo tiẹ̀ náà jó.” Kò yọ wọ́n. Lọ́dún tí ìjọba fẹ́ fi òfin lé àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké kúrò lójú omi, tí wọ́n ní àwọn ló ń kó ọmọ ẹja tán, ìwé rẹ̀ ló fi hàn pé àwa onífàájì là ń kó jù. Wọ́n wọ́gi lé òfin náà. Ọ̀gá lọ gba àmì ẹ̀yẹ. Ìyá Oníbéèrè padà sórí pákó.

Pákó wo? Èyí tó torí rẹ̀ kọ lẹ́tà mẹ́ta sí iléeṣẹ́. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, kó ẹ̀dà wọn hàn mí. Nínú èyí àkọ́kọ́, pákó méjì ló ti jẹrà. Nínú èkejì, márùn-ún. Nínú ẹ̀kẹta, ó ya àwòrán afárá náà, ó sì sàmì sí ibi téèyàn ò gbọ́dọ̀ tẹ̀. Ìyẹn nìkan ni wọ́n fèsì sí: “A ti rí ìwé yín. A ó ṣèwádìí.” Àwọn oníwàádìí! Ta ló wá bá wọn ṣe ìwádìí náà, bí kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀?

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n sin ín, akọ̀wé iléeṣẹ́ pe télọ̀ náà. Ó rò pé wọ́n fẹ́ bá òun kẹ́dùn ni. Akọ̀wé ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn wà lọ́dọ̀ yín? Òǹkà oṣù yìí ò ní pé láìsí i.”

Ọkùnrin náà ò bá a jà. Ìwé náà ti bá ìyàwó rẹ̀ wọ omi. Ó ti sá a sórí okùn nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ ní ewé kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń lọ aṣọ oníbàárà, ó sì gbé e lọ fún wọn fúnra rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Á dùn ún bí òǹkà ò bá pé.”

Ìwé ìwádìí wọn jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó dán, ó ní àwòrán ẹja aláràbarà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ro òǹkà. Ìlà kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀ nípa obìnrin tó kó òǹkà náà jọ, tàbí bó ṣe kú.

Mo lọ wo afárá náà lánàá. Wọ́n fi okùn dí ojú ihò kan. Àwọn pákó yòókù wà bí wọ́n ṣe wà, wọ́n sì ti gba obìnrin mìíràn síṣẹ́; ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ sí èsì lẹ́tà kẹta yẹn ń bẹ láàyè, ó ń jókòó lórí àga, ó ń gba owó oṣù. Kó jáde. Kó wo ojú télọ̀ náà, kó sọ ibi tó gbé àwòrán yẹn sí. Kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì rin afárá náà já, lójú gbogbo wa, kí obìnrin yẹn tó gbẹ́sẹ̀ lé e. Ọ̀túnla ni ọjọ́ Ajé.