Àbàwọ́n Epo Tí Oòrùn Kò Jẹ

Ìyá tó bí ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn òwú fún mi. Epo pupa ni wọ́n ń ṣe ní abúlé wa kí wọ́n tó kó wá sí Abẹ́òkúta, òórùn epo kò sì kúrò lára wọn títí wọ́n fi kú.

Wọ́n ní ní ọjà tí àwọn ń ná nígbà náà, obìnrin kan ti ọ̀nà jíjìn dé pẹ̀lú epo tó pọ́n ju ti gbogbo wọn lọ. Àwọn oníbàárà ṣù bò ó bí eṣinṣin. Olórí àwọn elépo kò bá a jà, kò sì bú u. Ó kàn mú òwú funfun, ó tì í bọ epo náà, ó ti òmíràn bọ epo àwọn yòókù, ó fi ọṣẹ dúdú fọ gbogbo rẹ̀, ó sá a sórí àpáta. Ẹ mọ̀ pé oòrùn a máa jẹ àwọ̀ epo. Òwú àwọn yòókù ti funfun padà kí ọjà tó tú. Ti obìnrin yìí pọ́n síbẹ̀: osùn ló lú mọ́ epo. Wọ́n da epo náà nù lójú gbogbo ayé, ó gbé ìkòkò òfìfo relé.

Mo bi ìyá àgbà pé, tí oòrùn ò bá wá ràn lọ́jọ́ náà ńkọ́? Wọ́n wò mí bíi pé èmi náà ti ń wá ibi tí n ó ti ta epo olósùn.

"Ọjà á dúró," ni wọ́n wí.

Mo gbàgbé ìtàn yìí fún ọdún gbọọrọ. Ká ní mo rántí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni.

Lọ́dún náà, ọmọ mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀, ọkùnrin. Ní ilé tiwa, bàbá ìyá ọmọ ló máa ń ra epo ìsọmọlórúkọ, òun náà ló sì máa ń fi kan ọmọ lẹ́nu. Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá elépo tó ti ń tà fún wa láti ayé ìyá mi. Kẹ́ẹ̀gì méjì ló wà níwájú wọn. Epo inú ọ̀kan pọ́n fòò, ti èkejì rí rúsúrúsú.

"Rúsúrúsú yìí ni kí o mú, ọkọ mi," ni wọ́n wí. "Òun làwa ń jẹ nílé."

Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ṣé epo tó ti ṣá ni kí n fi kí ọmọ káàbọ̀, kí wọ́n lè máa pè mí ní ahun? Mo ní kí wọ́n rọ èyí tó pọ́n fòò kún kẹ́ẹ̀gì ńlá kan fún mi, kí ìyá ìkókó rí èyí tí yóò fi máa se ọbẹ̀. Wọ́n bá rọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹjọ, nígbà tí àlùfáà gbàdúrà tán, mo ti ìka bọ epo, mo ní ayé á rọ ọmọ yìí lọ́rùn, mo kàn án láhọ́n. Ọmọ pọ́n ẹnu lá. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ẹnìkan ní eléyìí ti ń wá ẹran. Mo tún kàn án lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n lè tún rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ kán sí ìborùn funfun tí wọ́n fi wé e.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kó aṣọ ọmọ lọ fọ̀. Aláró ni wọ́n, Ìtòkú ni wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ láti ìgbà ọmọge. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo bá ìborùn náà lórí okùn, láàárín aṣọ àdìrẹ méjì.

"Ta ló ra epo yẹn?"

Mo ní èmi ni.

"Oòrùn ọjọ́ mẹ́ta rèé. Wò ó, bàbá àgbà."

Àbàwọ́n náà kò ju èékánná lọ, ó sì pọ́n bíi pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kán. Ẹ̀gbọ́n mi mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà wọn, wọ́n fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí okùn. "Irú aró tí kì í ṣá lóòrùn báyìí, eléyìí ni mo máa ń wọ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Ìwọ tì í bọ ọmọ lẹ́nu."

Ìgbà yẹn ni mo rántí òwú ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ahọ́n ọmọ ló bà mí lẹ́rù jù, kẹ́ẹ̀gì ni. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ni ọmọ mi ń jẹ ọbẹ̀ epo yẹn, ọmú rẹ̀ sì ni ìkókó ń mu. Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀, epo náà ti fà wálẹ̀ dáadáa. Mo bu díẹ̀ sínú ìgò, mo gbé ìyókù jáde. Mo ṣàlàyé fún ọmọ mi. Ó rọra yọ ọmọ lẹ́nu ọmú, ó sì ń wo ọmú ara rẹ̀ bíi pé ti ẹlòmíràn ni.

A gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kí ìyá rẹ̀ má dá ọmú dúró, epo nìkan ni kí ó fi sílẹ̀. Ó ní kí a máa wo ojú ọmọ bóyá yóò pọ́n bíi pupa ẹyin, kí a sì tètè gbé e wá bí kò bá fẹ́ mu ọmú. Mo bi í pé kí ni epo náà lè ṣe sí ọmọ lára. Ó ní òun kò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn, òun kò sì lè purọ́ fún mi. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń yà nílé wọn láràárọ̀, mo ń gbé ọmọ lọ sídìí fèrèsé, bí ẹni ń bá a ṣeré, mo sì ń wo ẹyinjú rẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá elépo. Wọ́n ní àwọn kọ́ ni àwọn lú u, inú dúrọ́ọ̀mù ló ń bá àwọn láti òkèèrè. Wọ́n ti gbìyànjú láti má gbé e wá mọ́ rí, àwọn oníbàárà bá gba iwájú wọn kọjá lọ sí ìsọ̀ kejì.

"Ojú lẹ fi ń jẹ epo," ni wọ́n wí. "Mo ṣáà sọ fún ọ."

Mo ní kí ìjọba dá sí i. Wọ́n ní bí ìjọba bá dé, kẹ́ẹ̀gì tiwọn ni wọn yóò gbé, wọn kò ní dé ibi tí ọkọ̀ ti ń já dúrọ́ọ̀mù. Mo sì ti rí ohun tí èmi fúnra mi yàn nígbà tí wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n yàn. Olórí elépo tó da epo nù láyé ìyá àgbà mọ gbogbo elépo lójú, òun náà sì ń jẹ nínú epo wọn. Ta ló mọ elédúrọ́ọ̀mù lójú? Àfi kí ẹni tí apá rẹ̀ ká a di òwú náà mú.

Mo gbé ìgò náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní Òkè-Ìléwó. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè orúkọ ẹni tó tà á. Ó pẹ́ kí n tó kọ ọ́. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìyá náà kìlọ̀ fún mi, èmi ni mo kọ̀. Akọ̀wé ní kò sí àyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù, ó fi gègé fa igi lé e lórí. Ó ní wọn yóò yẹ epo náà wò, kí n padà wá.

Mo ti padà lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọn kò tíì rí èsì. Ọmọ ti ń rákò, ẹyinjú rẹ̀ funfun, síbẹ̀ n kò tíì dẹ́kun gbígbé e lọ sídìí fèrèsé. Kẹ́ẹ̀gì méjèèjì ṣì wà níwájú ìyá elépo. Mo máa ń gba ẹ̀yìn ìsọ̀ kí a má baà ṣe ojú kan ara wa.

Ọjà kò dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, epo tí ẹ fi se ọbẹ̀ lánàá, ta ló bá yín sá òwú rẹ̀?