Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Ọmọ Jòjòló Sọ

Nígbà tí àbígbẹ̀yìn mi bímọ ní Bódìjà, mo fi ẹja tí mò ń yan l'Ẹ́lẹ́yẹlé sílẹ̀, mo lọ bá a wẹ ọmọ. Ọkọ rẹ̀ ò burú. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ṣùgbọ́n tó bá ti dé, ìdí òkú rédíò àti wáyà ló ń jókòó sí. Irin gbígbóná lọ́wọ́, èéfín lójú. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní, "Eré lásán ni, mà."

Èèyàn kì í wẹ ọmọ kó má bá a sọ̀rọ̀. Màá ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má fẹ́ sí i, màá wá máa sọ ohun tó bá wà nínú mi. Ọmọ jòjòló kì í ṣòfófó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ní, "Bàbá ẹ yìí, ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta."

Kí n tó da omi ìwẹ̀ nù, obìnrin tó ń gbé lókè wa ti ń rẹ́rìn-ín lórí àtẹ̀gùn. "Màmá, ẹ̀rọ ìlọta ti ṣíwọ́ àbí ó ṣì ń lọ?"

Ta ló sọ fún un? Ọmọ mi nìkan ló wà nílé, nílé ìdáná lẹ́yìnkùlé. Mo pè é.

"O máa ń fetí sílẹ̀kùn, àbí?"

"Màmá! Kí ni mo fẹ́ gbọ́? Mo lè fi ọmọ yìí búra."

"Má fi ọmọ búra fún mi."

Ó sunkún. N ò gbà á gbọ́. Ẹ̀rín kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Mo ti sọ ohun tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ yẹn: pé látìgbà ìsọmọlórúkọ, ìyá bàbá rẹ̀ ò fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí mọ́, pé ojú obìnrin náà ò rọ̀ sí ọmọ mi. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà sì lòun àti obìnrin òkè yìí ń lọ. Tí ọ̀rọ̀ bá débẹ̀, ẹnu mi ló máa tú ilé ọmọ mi.

Mo wá dẹ tàkúté. Mo rán ọmọ mi lọ sọ́jà, mo ti ilẹ̀kùn, mo ń fọ ẹ̀yìn ọmọ, mo ní, "Ẹja yíyan ń bọ̀ láti Ẹlẹ́yẹlé lónìí o. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, ọ̀fẹ́ ni."

N ò tíì fi òróró pa á lára tán tí obìnrin òkè fi kanlẹ̀kùn, abọ́ lọ́wọ́. "Màmá, ẹja ńkọ́?"

Ọmọ mi ò mọwọ́mẹsẹ̀. Mo pọn ọmọ, mo ní ká jọ lọ sókè. Rédíò rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ń hó ṣàà. Mo gbọ́ aago ara ògiri yàrá wa nínú rẹ̀: kẹ́, kẹ́, kẹ́.

"Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Mo rò pé ẹ̀ ń bá wa ṣeré ni, Màmá. Ó dùn ju ìròyìn àwọn sójà lọ."

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún?" Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tú yàrá. Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ti rí agolo mílíìkì kan, bátìrì nínú rẹ̀, wáyà gígùn lára rẹ̀. Nígbà tí ọkọ ọmọ mi dé, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, mà. Mo ṣe é kí ìyá ọmọ lè máa fi rédíò gbọ́ ẹkún ọmọ nílé ìdáná ni. Mo ṣì ń dán an wò, n ò tíì sọ fún un. N ò mọ̀ pé ó ń dé òkè."

"Ìwọ fúnra ẹ, kí lo gbọ́?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan, mà."

Ta ló ń dán nǹkan wò tí kì í gbọ́ ọ? Ó yọ bátìrì. Mo bẹ ọmọ mi, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ti sọ nípa ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ní kò sí wàhálà, àmọ́ bíi tèmi, òun náà ò sùn dáadáa mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe tú, ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé, ẹrù lọ́wọ́, ẹní lábẹ́ apá. Ó ní òun wá wẹ ọmọ.

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀. Ta ló ní kẹ́ ẹ wá?"

"Ṣé wọ́n máa ń rán èèyàn sí ọmọ ọmọ ẹ̀ ni?"

Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Mo wo ojú rẹ̀ títí, n ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Mo gbé omi fún un, mo na kànrìnkàn sí i. Ó na ẹsẹ̀, ó gbé ọmọ lé e. Mo fa àpótí mọ́ra, mo jókòó síbi tí mo ti lè rí ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ ọmọ wẹ̀, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó da omi sí orí ọmọ, ọmọ mi mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi.