Iná Tó Ń Wo Òkè

Ẹ dúró ná, ẹ gbọ́ èyí! Bí ẹ bá ń gun alùpùpù, tàbí tí èèyàn yín kan bá ń gùn ún, ìtàn yìí kò gbọdọ̀ fò yín dá.

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe iná alùpùpù ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Sọ-òru-dọ̀sán ni àwọn oníbàárà ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu rẹ́gí. Ẹ gbé alùpùpù tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí ẹni tó ń tòògbé wá, á yọ gílóòbù àtijọ́ sọnù, á fa wáyà tó nípọn láti ìdí bátìrì, á fi gílóòbù funfun tuntun sí i. Kí ẹ tó yọwọ́ lápò, iná ti là yẹ̀ẹ̀! Tépù pupa ló fi ń we ìdí gbogbo wáyà rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí tépù yẹn mọ ọwọ́ tó ṣe é.

Bó ṣe ń dán iná wò gan-an ló ń dùn mọ́ àwọn oníbàárà. Táńkì omi kan wà lórí òrùlé ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á máa gbé ojú iná sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan táńkì náà, ariwo á sì sọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún gbé e sókè!"

"Ṣé òṣùpá lo fẹ́ fi iná gbá létí ni?"

"Kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé mò ń bọ̀!"

Àbúrò rẹ̀ nìkan ni kì í bá wọn pariwo. Káfíńtà ni, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Alùpùpù tirẹ̀ ti gbó, gíláàsì iná rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n di oníbàárà kí ẹ tó dá mi lóhùn ni?"

"Ilé lo wà, o ò sá lọ. Jẹ́ kí n yanjú ti àlejò ná. Tó bá di ọ̀la."

Ọ̀la ń bí ọ̀la. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pe Sọ-òru-dọ̀sán pé àbúrò rẹ̀ ti ṣubú lójú ọ̀nà, ó wà ní ilé ìwòsàn. Ó sáré débẹ̀. Alùpùpù kan dúró lẹ́nu géètì, ẹni tó gùn ún kò rántí pa iná. Iná náà mọ́ lóòótọ́! Ṣùgbọ́n fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń tàn sí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ń rìn. Ilẹ̀ iwájú táyà ṣókùnkùn birimùbirimù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìdí wáyà.

Tépù pupa.

Ẹni tó ni alùpùpù náà jáde wá, ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀wù. Oníbàárà rẹ̀ ni, kò sì mọ ẹni tí káfíńtà náà jẹ́ sí i. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo gbé e wá. Ní kọ́nà, bí iná mi ṣe tàn sí i, mo rí i tó fọwọ́ bojú, ló bá yà sínú kòtò. Mi ò tiẹ̀ kàn án!"

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá káfíńtà láyé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Sọ-òru-dọ̀sán lọ bá ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi nǹkan kan bò. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, wọn ò tún jọ sọ̀rọ̀ mọ́. Alùpùpù olóògbé wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wọn, ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń fẹ́ láyé ni kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án, kí òun ṣe iná tí òun fi dọ̀la.

Ó wá ń dúró lẹ́bàá títì, ó ń dá àwọn tó ní tépù pupa dúró: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dojú iná yín kọlẹ̀." Àwọn kan gbà. Àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ wo Sọ-òru-dọ̀sán, ó ti di Sọ-ọ̀sán-dòru!"

Ìgbà tó yá, obìnrin náà ti alùpùpù ọ̀hún dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, ọkọ mi."

"Ìyàwó wa..." Ó dìde.

"Mo ti ríṣẹ́, ilé ńlá kan ni mò ń bá wọn gbá, tí mò ń nù. Ilẹ̀ á máa ṣú bá mi lọ́nà. Ẹ bá mi ṣe iná yìí. Èyí tí mo fi máa ríran ni o, kì í ṣe èyí tó máa fọ́ ẹlòmíì lójú."

Ó ṣe é bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun. Ó pààrọ̀ gíláàsì, ó fa wáyà, ó fi gílóòbù tó bá ilé iná náà mu sí i. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń lọ, ó kọjú alùpùpù sí ògiri ṣọ́ọ̀bù.

"Gùn ún."

"Níbo là ń lọ?"

"A ò lọ síbì kankan. Bí èèyàn bá jókòó, ẹ̀yìn alùpùpù á wálẹ̀, iná á gbójú sókè. Òfìfo ni mo ti ń dán an wò látọjọ́ yìí. Òfìfo!"

Obìnrin náà jókòó, báàkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ọkùnrin náà fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ojú iná sára ògiri, ó rẹ ojú iná sílẹ̀ títí ó fi sùn sábẹ́ ìlà náà. Lẹ́yìn náà, ó yí alùpùpù sí títì, ó rìn jìnnà, ó wá kọjú sí iná náà, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

"Ṣé ẹ ń rí ilẹ̀?" obìnrin náà bi í.

"Mo ń rí i." Ó rí òkúta wẹẹrẹ. Ó rí bébà tí ẹnì kan jù nù. "Mo ń rí ẹsẹ̀ mi."

Ó lóṣòó sójú títì, ó bú sẹ́kún. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lójú fèrèsé. Obìnrin náà na ọwọ́, ó pa iná, kí òkùnkùn lè bò ó.

"Ẹ sun ún, ọkọ mi. Èmi náà ò tíì sun tèmi tán."

Ó jókòó sórí alùpùpù ọkọ rẹ̀ títí ẹkún fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tanná, tó gbọ̀nà ilé lọ, ilẹ̀ nìkan ni iná ń wò.

Ìlà náà ṣì wà lára ògiri, ọ̀dà ló fi kùn ún nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ìlà tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lónìí, kí ẹnì kan jókòó sórí alùpùpù yín, kó tanná. Kí ẹ̀yin lọ síwájú, kí ẹ máa bọ̀ bí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ṣé ẹ ń rí ẹsẹ̀ yín? Ẹ lọ wò ó fúnra yín.