Ọjọ́ tí Nàfísàt Ní Kí Kíláàsì Kẹ́kọ̀ọ́, Tí Wọ́n Gbọ́ Pé Kí Wọ́n Máa Lọ

Ohùn Nàfísàt kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nígbà kan, ewúrẹ́ jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán lójú rẹ̀, ó sì búra fáwọn ewúrẹ́ yòókù pé òun ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni lé òun. Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà yé ní Aboabo, àdúgbò wọn nílẹ̀ Asante, nítorí Àlàájì Abọ́dẹrìn tó bí i, tó ń ta àgádágodo àti ìdè ilẹ̀kùn ní ọjà Kejetia, bó bá pe oníbàárà kan ṣoṣo láti ìsọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ èrò trotro mẹ́ta ni yóò dúró, tí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan á máa rò pé òun ni wọ́n ń pè.

Ohùn kékeré yìí kò dí Nàfísàt lọ́wọ́ títí ó fi pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ìwé ló ń kà, ìwé kì í sì í ní kéèyàn pariwo. Ó gba oyè àkọ́kọ́, ó gba ìkejì, ó wá bẹ̀rẹ̀ ti dókítà nínú ìmọ̀ ilẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí erùpẹ̀ tí àwọn obìnrin àdúgbò Sawaba ń gbin ẹ̀fọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì, bóyá oró inú bátìrì ògbólógbòó ń wọnú ẹ̀fọ́ tí aráyé ń jẹ. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tó gbà ń san owó ilé-ìwé, ó parí síbẹ̀. Àfikún owó tí wọ́n fi lé e lórí ló ń gbé erùpẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò, òun náà ló ń gbé wáàkyé, ìrẹsì òun ẹ̀wà, wá sórí tábìlì.

Àmọ́ àfikún yìí ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní fún wákàtí mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan yóò sì wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì láti wò ó. Bí kò bá yege, àfikún á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yaa ni wọ́n yàn fún Nàfísàt, obìnrin kan tó lè rí àṣìṣe nínú ìwé tí wọn ò tíì kọ. Lẹ́yìn àkọ́wò, ìlà kan péré ló kọ sínú fọ́ọ̀mù: "Mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ń mì."

Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kan péré.

Àlàájì gbọ́, ó gbé àga síwájú ìsọ̀, ó káwọ́ gbera bí ọmọ ilé-ìwé. "Nàfí, èmi nìyí. Kọ́ mi."

"Bàbá, ìpele-ìpele ni ilẹ̀ wà—"

"Mi ò gbọ́."

"Ìpele-ìpele ni—"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ilẹ̀ ọ̀hún ń sùn ni, tó ò fẹ́ kó jí? Báwo ni mo ṣe máa ń pè yín sídìí wàláà nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré?"

Gbogbo àdúgbò ló rántí ìpè náà. "Yẹn kọ́!" ni. Ìdajì rẹ̀ Twi, ìdajì Yorùbá: "yẹn" ti Twi ní ká jọ ṣe é, "kọ́" ti Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú bàbá Àlàájì, ní ká kẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀, tí ará Asante bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà gẹ́lẹ́, ohun tó ń wí ni pé ó yá, ká máa lọ. Kò rú àwọn ọmọ Abọ́dẹrìn lójú rí. Bí wàláà bá wà nílẹ̀, ẹ̀kọ́ ni. Bí bàtà bá wà lọ́wọ́, ìrìn ni. Ilé yẹn nìkan ló sì mọ òfin yìí.

Ọjọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán, ooru mú débi pé àwọn alángbá inú àjà ń wá ibi tí wọ́n máa tutù sí. Àádọ́rin akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yaa wà lẹ́yìn wọn, ó ti ṣí bírò. Nàfísàt bẹ̀rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kò tíì dé gbólóhùn kẹrin tí Hafiz, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà létí fèrèsé, fi nawọ́ sókè.

"Madam, we no dey hear o!"

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹrí ba, bírò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nàfísàt rí àfikún tó ń bá bírò yẹn lọ, ó rí ike erùpẹ̀ mọ́kànlélógójì tí kò ní dé ilé àyẹ̀wò mọ́. Ó la ẹnu, ohun tó jáde kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn Àlàájì Abọ́dẹrìn gan-an ni, tòun ti Kejetia lẹ́yìn rẹ̀:

"Ó yá, yẹn kọ́!"

Gíláàsì fèrèsé gbọ̀n. Alángbá kan já bọ́ láti àjà, ó dìde, ó sá. Lẹ́yìn náà ni Hafiz pa ìwé rẹ̀ dé.

"Madam, medaase paa!" ló fi Twi dúpẹ́.

Ẹnu ọ̀nà tí ẹni méjì kì í gbà pọ̀, ẹni mẹ́tàdínlógún gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yaa nìkan ló kù, òun náà sì ti wà lórí ìdúró.

"Nàfísàt, kí ló dé tó o tú kíláàsì ká? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tíì pé."

"Mi ò tú wọn ká, mà. Mo ní ká kẹ́kọ̀ọ́ ni."

"O ní ká máa lọ. Ṣé o ò rí i pé èmi pàápàá ti gbé báàgì kọ́ èjìká?"

"Èdè ilé wa ni, mà. Ní ilé wa—"

"Ilé yín kọ́ ni wọ́n forúkọ sí." Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló kù. Mi ò tíì pa fọ́ọ̀mù dé."

Nàfísàt sáré tẹ̀lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Orí ló bá a ṣe é, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ fún páìpù omi ti la kòtò gígùn kan kọjá lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ náà, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbé lé e. Ẹni mẹ́rin ti rékọjá, àwọn yòókù ń ti ara wọn. Ó pè wọ́n, wọn ò wẹ̀yìn. Kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ́ sínú kòtò, ó sì fa pákó náà mọ́ra.

"Ah! Madam, ẹ dá pákó padà!" ni Hafiz ké lókè.

"Sọ ìdí tí ilẹ̀ òkè yìí fi dúdú, kí n dá a padà."

Wọ́n wojú ara wọn. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Esi ló dáhùn. "Ewé tó jẹrà ni."

"O káre. Ti ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ta ló kun ún ní pupa?"

"Bí Ọlọ́run ṣe dá a ni," ni Hafiz wí.

"Ọlọ́run dá a, irin ló fi kùn ún. Ẹ fi àgádágodo síta lákòókò òjò, kẹ́ ẹ wo àwọ̀ tí yóò ní. Irin tó wà nínú ilẹ̀ yìí ló dípáàrà bẹ́ẹ̀." Ó fi ọwọ́ gbẹ́ erùpẹ̀ náà, ó jù ú sókè sí wọn. "Ẹ fi ìka pò ó. Ẹni tí tirẹ̀ bá lẹ̀, kó wí. Ẹni tí tirẹ̀ bá fọ́, kó wí."

Ni ariwo bá sọ. Tèmi lẹ̀, tìrẹ fọ́, irọ́ lò ń pa, mú un wá kí n wò ó. Ẹni mẹ́fà bá a nínú kòtò kí wọ́n lè rí i dáadáa. Àwọn mẹ́rin tó ti rékọjá jókòó sí bèbè kejì, wọ́n ń da ẹsẹ̀ sílẹ̀. Nàfísàt ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ ń ròkè wá bá wọn, kò sì rántí pé òun ní ohùn kékeré rí. Ìgbà tí òjìji kan bò ó ló tó gbójú sókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yaa ni, ó ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ẹrẹ̀ ti bo sálúbàtà rẹ̀.

"Hafiz, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Hafiz bẹ̀rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ́ fọ́ọ̀mù sí i lẹ́yìn. "Mo yọ máàkì fún àkókò tó ṣòfò. Mo tún yọ fún pákó, nítorí ìfipámúni ni. Èyí tó kù tó fún ọ láti yege." Ó buwọ́ lù ú, ó sì fi bírò gún Hafiz léjìká pé kó dìde, ó wá kọjú sí Nàfísàt. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kọ́ wọn níbí kan náà."

Nàfísàt fẹ̀yìn ti ògiri kòtò. Kò tíì mí dáadáa tí Kwabena, olórí àwọn agbẹ́lẹ̀, fi dé tòun ti ṣọ́bìrì.

"Mádáàmù, àná ló yẹ ká ti dí ihò yìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ fi sílẹ̀ di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀."

Kwabena wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ wọn pọ́n, ó wo Nàfísàt náà. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n apá ọ̀hún yẹn ń ya lulẹ̀ lójoojúmọ́, ibi tó o wà yìí ò sì ya rárá. Kí ló fà á?"

Nàfísàt fi eékún rá lọ sí apá tó ń ya náà, ó bu erùpẹ̀ díẹ̀, ó pò ó láàárín ìka méjì. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá, ọ̀gá," ló wí, ohùn náà sì ròkè dáadáa. "Ẹ fọwọ́ yín kàn án ná."